Ilé àti Ọgbà: Òdòdó Orí Igi Nínú Yàrá Wa

   

Ohun tí ó gbé wa dé orí ọ̀rọ̀ òní ni pé, nínú àwọn ẹ̀bùn tí àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Àbújá àti ní Èkó ń gbé wá fún ìyá àti bàbá wọn nísinsìnyí, òdòdó kan wà tí a ń rí lemọ́lemọ́. Ewé rẹ̀ nípọn bí ahọ́n màlúù, kò sì pọ̀. Òdòdó rẹ̀ a máa funfun tàbí kí ó ní àwọ̀ àlùkò, a sì tò lórí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan bí ẹni pé labalábá ni ó bà sórí okùn. Ọ́kíìdì ni à ń pè é. Ẹ̀yà rẹ̀ tí ó wọ́pọ̀ jù lọ́jà ni àwọn onímọ̀ ewéko fún ní orúkọ Phalaenopsis, òun náà ni a ó sì máa sọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí òun ni ó rọrùn jù fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ní Dadin Kowa níbí, a ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé oṣù méjì tàbí mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n gbé òdòdó náà wọlé, àwọn òdòdó rẹ̀ á rẹ̀ dànù lọ́kọ̀ọ̀kan, onílé á sì wí pé, "Ó ti kú." Ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ń gbé e lọ, sí ẹ̀gbẹ́ ààtàn, níbi tí ewúrẹ́ ti ń parí ohun tí ó kù. Bẹ́ẹ̀ òdòdó náà kò kú rárá, ó ń sinmi ni. Bí a bá mọ ọ̀nà rẹ̀, ọ́kíìdì a máa pẹ́ láyé ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, a sì máa yọ òdòdó lọ́dọọdún. Owó tí ọmọ fi rà á kò kéré, ìfẹ́ tí ó fi gbé e rìn láti Àbújá wá sórí òkè yìí kò sì ṣeé dà sí ààtàn.

Kí a tó sọ bí a ti ń tọ́jú rẹ̀, ó yẹ kí a mọ ibi tí ó ti wá. Nínú igbó ilẹ̀ Éṣíà, láti Índíà títí dé Filipínì àti ìhà àríwá Australia, Phalaenopsis kì í hù láti inú ilẹ̀. Orí ẹ̀ka igi ni ó ń gbé, lábẹ́ ìbòòji ewé. Ẹni tí ó bá dàgbà ní ìgbèríko yóò sọ kíá pé, "Àfòmọ́ nìyẹn." Ó jọ ọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun. Àfòmọ́ a máa wọ inú ẹ̀ka igi ṣinṣin, a sì máa fa omi ara igi náà mu. Ọ́kíìdì kì í fa ohunkóhun lára igi. Ó kàn jókòó lé e ni. Omi òjò àti ìrì ni ó ń mu, ìwọ̀nba ewé tí ó rà sínú pàlàpálá èèpo igi ni ó sì ń jẹ. Àwọn àgbà wa a máa wí pé àfòmọ́ kò légbò, igi gbogbo ni í bá tan. Àwa tí àwọn baba wa tẹ̀lé ọkọ̀ ojú irin àti iṣẹ́ kùsà tánganran wá sórí òkè yìí, òwe náà kì í ṣe àjèjì ní etí wa, a sì mọ̀ pé àwọn mìíràn a máa fi í gún àlejò lára. Bí wọ́n bá fẹ́ fi wá wé ewéko, ọ́kíìdì ni kí wọ́n fi wá wé o.

Ilẹ̀ tiwa náà kò ṣàì ní ọ́kíìdì. Ọ̀kan tí ó gbajúmọ̀ ni Ansellia africana, tí òdòdó rẹ̀ rí bí awọ ẹkùn, tí ó pọ́n bí ọsàn tí ó sì ní àmì dúdú tóótòòtó. John Ansell, tí ó bá àwọn ará ìrìn-àjò Odò Ọya ti 1841 wá, ni ó rí i ní erékùṣù Fernando Po, tí à ń pè ní Bioko nísinsìnyí, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi pè é. Àwọn tí ó ni erékùṣù náà ti ń rí i láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni ọ̀ràn orúkọ ti máa ń rí.

Gbòǹgbò ni àṣírí ọ́kíìdì wà. Gbòǹgbò náà nípọn, ohun fúyẹ́ kan tí ó dàbí kànrìnkàn ni ó sì bò ó. Nígbà tí ó bá gbẹ, àwọ̀ rẹ̀ a dàbí eérú tàbí fàdákà. Bí omi bá kàn án, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ yóò di àwọ̀ ewé. Gbòǹgbò náà a máa fẹ́ afẹ́fẹ́ bí ó ti ń fẹ́ omi. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbà yín níyànjú pé kí ẹ kó o sínú ilẹ̀ dúdú tí a fi ń gbin ẹ̀fọ́ "kí ó lè jẹun dáadáa," ẹ má ṣe gbọ́ tirẹ̀. Láàárín oṣù kan tàbí méjì, gbogbo gbòǹgbò náà yóò ti rà.

Ohun tí a fi ń gbìn ín kò ṣòro rí. Èédú igi tí a fọ́ sí wẹ́wẹ́ tí ó tó orí àtàǹpàkò dára púpọ̀, kí a ṣáà fọ eruku rẹ̀ dànù kí a tó lò ó. Èèpo igi páìnì náà dára bí a bá rí i, kí a gé e wẹ́wẹ́, kí a sè é, kí a sì rẹ ẹ́ sínú omi di ọjọ́ kejì. Èèpo òde àgbọn pẹ̀lú wúlò, ṣùgbọ́n ó ní iyọ̀ nínú, ó yẹ kí a rẹ ẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan kí a máa pààrọ̀ omi rẹ̀. Ní ti ìkòkò, ike tí ó mọ́ gaara ni a fẹ́, kí a lè máa rí gbòǹgbò láti ìta. Ẹni tí kò bá rí rà lè gé ọrùn ike omi mímu ńlá kúrò, kí ó fi ìṣó gbígbóná lu ihò púpọ̀ sí ìdí rẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ má wo ti ẹwà rẹ̀, ẹ lè gbé e sínú ìkòkò amọ̀ nígbà tí àlejò bá ń bọ̀.

Ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò wa ni a ti ń ra èédú, wọn a sì máa bi wá léèrè pé irú ọbẹ̀ wo ni a ń fi èédú wẹ́wẹ́ bẹ́ẹ̀ sè. Ní èdè Haúsá, Dadin Kowa túmọ̀ sí ìgbádùn gbogbo ènìyàn. Ẹ kò gbàgbé pé nígbà tí ìjà bẹ́ ní Jos ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, àwọn àgbà Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì àdúgbò yìí pawọ́ pọ̀ tí wọn kò jẹ́ kí ó wọlé tọ̀ wá. Ìkòkò òdòdó mélòó kan ti ti ọ̀dọ̀ wa bọ́ sí ilé wọn láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀ eré yìí, inú wa sì dùn sí i.

Ìyá kan wà nínú Ẹgbẹ́ wa tí a kò ní dárúkọ rẹ̀. Nígbà tí òun àti ọkọ rẹ̀ pé ogójì ọdún tí wọ́n ti fẹ́ ara wọn, bàbá náà ra ọ́kíìdì kan fún un. Kò pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà tí bàbá fi jẹ́ ìpè Ọlọ́run. Ẹ̀bùn ìkẹyìn ni. Ìyá yìí fẹ́ràn òdòdó náà tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ní òròòwúrọ̀, bí ó bá ti gbàdúrà tán, òun ni ó kọ́kọ́ ń bomi sí. Nígbà tí ó yá, ewé rẹ̀ rọ̀, ó sì hunjọ. Ìyá rò pé òùngbẹ ni, ó wá sọ omi di ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà nìyí. Ewé ọ́kíìdì tí òùngbẹ ń pa àti ewé èyí tí omi ti pa, bákan náà ni wọ́n máa ń rí lójú, nítorí pé gbòǹgbò tí ó ti rà kò lè gbé omi gòkè mọ́. Bí a bá tún bomi sí i, ńṣe ni à ń ti ẹni tí ń rì sísàlẹ̀. Nígbà tí ìyá gbé e wá, a tú u kúrò nínú ìkòkò. Gbòǹgbò bí mẹ́wàá ni ó ti di pupa rúsúrúsú, bí a ti ń tẹ̀ ẹ́ ni ó ń bó lọ́wọ́ bí awọ ejò. Méjì péré ni ó le. A fi sípíríìtì nu abẹ, a gé gbogbo èyí tí ó ti rà kúrò, a fi ẹ̀tù èédú pa ojú ibi tí a gé, a sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ojú ọgbẹ́ náà lè gbẹ. Lẹ́yìn náà ni a gbé e sínú èédú tuntun, a sì bẹ ìyá pé kí ó tó ọjọ́ mẹ́rin kí ó tó fún un lómi.

Ó bi wá pé, "Ṣé yóò yè?" A kò lè ṣe ìlérí fún un. A ní, "Ìyá, ẹ má wo ewé. Gbòǹgbò ni kí ẹ máa wò." Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ó tó ránṣẹ́ sí wa pé orí gbòǹgbò tuntun kan ti yọ, tí kò ju orí ìṣáná lọ. Òdòdó kò tíì sí níbẹ̀, a kò sì retí rẹ̀ lọ́dún yìí.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ omi ni olórí gbogbo rẹ̀. Ẹ má fi ọjọ́ kà á, ojú ni kí ẹ fi máa wò ó. Bí gbòǹgbò inú ike bá ṣì ní àwọ̀ ewé, ẹ fi í sílẹ̀. Bí ó bá ti di eérú, tí ìkòkò náà sì fúyẹ́ lọ́wọ́, ẹ bomi sí i ní òwúrọ̀, kí omi ṣàn kọjá ní ìdí ìkòkò dáadáa, kí ẹ sì jẹ́ kí ó ro tán. Ní àkókò òjò, ó lè tó ọjọ́ mẹ́wàá tàbí ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó fẹ́ omi mìíràn. Nínú ọyẹ́, ó lè má ju ọjọ́ márùn-ún lọ. Ẹ má jẹ́ kí omi dúró ní àárín ibi tí ewé ti pàdé, nítorí ibẹ̀ ni ìjẹrà máa ń gbà wọlé. Bí ó bá kó síbẹ̀, ẹ fi aṣọ rírọ̀ fà á jáde. Omi òjò ni ó dára jù fún un. Ẹni tí ó bá gbé garawa sí abẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ nígbà òjò tí ó sì fi pamọ́ yóò jèrè rẹ̀. Omi kànga tàbí èyí tí a rà lọ́wọ́ mai ruwa kò burú, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí nǹkan funfun bí iyọ̀ tí ó lẹ̀ mọ́ èédú àti gbòǹgbò, kí ẹ fi omi púpọ̀ ṣàn án kúrò.

Ìmọ́lẹ̀ ni ó tẹ̀ lé e. Ọ́kíìdì fẹ́ ìmọ́lẹ̀ púpọ̀, kò fẹ́ oòrùn gangan. Fèrèsé tí ó kọjú sí ìlà-oòrùn ni ó bá a lára mu jù, tí oòrùn kùtùkùtù yóò kàn án díẹ̀ tí yóò sì kọjá. Láti oṣù kẹwàá títí dé oṣù kejì, oòrùn a máa gba ìhà gúúsù kọjá lókè wa. Ẹni tí ó bá gbé tirẹ̀ sí fèrèsé gúúsù ní àkókò náà, kí ó fi aṣọ fèrèsé fẹ́lẹ́ dá oòrùn dúró, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ewé yóò jó. Ewé fúnra rẹ̀ yóò sọ̀rọ̀: bí ó bá dúdú jù, ìmọ́lẹ̀ kò tó o. Bí ó bá ń pọ́n tàbí tí ó ń ràn bí ọsàn, ó ti pọ̀ jù.

Wàyí o, ọyẹ́. Jos wà ní nǹkan bí 1,200 mítà sókè ju òkun lọ, òtútù wa kì í ṣe òtútù Ìbàdàn. Ní oṣù kejìlá àti oṣù kìíní, òru wa lè sún mọ́ ìwọ̀n 10 ti Sẹ́ńtígíréèdì lóde, bẹ́ẹ̀ ni Phalaenopsis kò fẹ́ kí ó sọ̀ kalẹ̀ ju nǹkan bí 16 lọ. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ẹ gbé e kúrò lójú fèrèsé wá sí àárín yàrá. Ẹ má sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àdògán kí ó lè yá gágá, nítorí èéfín èédú, ti sítóòfù kẹrosíìnì àti ti jẹnẹrétọ̀ a máa mú kí ìrudi òdòdó rẹ̀ re dànù kí ó tó là. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti máńgòrò tí ń pọ́n náà ní irú atẹ́gùn bẹ́ẹ̀, nítorí náà kí á yà wọ́n sọ́tọ̀ lórí tábìlì.

Gbígbẹ ọyẹ́ náà tún ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sínú àwo pẹrẹsẹ, ẹ bu omi díẹ̀ sí i, kí ẹ gbé ìkòkò lé orí òkúta náà, kí ìdí rẹ̀ má ṣe kan omi. Bí ẹ bá ní ju ẹyọ kan lọ, ẹ kó wọn jọ sí ojú kan. Ní ti eruku tí afẹ́fẹ́ ń gbé wá láti aṣálẹ̀, títí dé láti Bodélé ní ilẹ̀ Chad, bí ó ti ń bo àga wa náà ni ó ń bo ewé rẹ̀, kò sì ní í jẹ́ kí ó rí ìmọ́lẹ̀ tó. Ẹ máa fi aṣọ rírọ̀ tí a rẹ sómi nù ún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn ọmọ ilé lè ṣe èyí, wọn a sì máa fẹ́ràn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹ má rò pé òtútù òkè yìí jẹ́ ọ̀tá nìkan. Ní Èkó, ibi tí ooru ti ń mú lọ́sàn-án lóru, ọ́kíìdì a máa yọ ewé dáadáa láìyọ òdòdó, nítorí pé ìtutù níwọ̀nba fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ó ń mú kí Phalaenopsis ta ọ̀pá òdòdó. Bí ooru bá ń kọjá ìwọ̀n 28 nígbà gbogbo, kò ní í ta á. Ní Jos, ní oṣù keje àti oṣù kẹjọ, ọ̀sán wa kì í sábà kọjá nǹkan bí 25, òru sì tutù díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí àwọn ará Èkó ní láti fi ẹ̀rọ amúlétutù wá ni Ọlọ́run fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní Èkó tí tirẹ̀ kọ̀ tí kò yọ òdòdó, kí ó ní kí ó fi í ránṣẹ́ wá lo ìsinmi níbí.

Ọ̀pá òdòdó àti gbòǹgbò tuntun a máa jọra nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Orí gbòǹgbò a máa rí roboto, orí ọ̀pá òdòdó a máa ṣẹ́nu ṣóṣóró, ó sì dàbí ìbọ̀wọ́ ọmọdé. Bí òdòdó bá ti re tán, tí ewé bá le tí ó sì pọ̀, ẹ lè gé ọ̀pá náà sí òkè oríkèé kejì tàbí ìkẹta láti ìsàlẹ̀. Ẹ̀ka mìíràn lè yọ níbẹ̀. Bí igi náà bá rù, ẹ gé e láti ìdí, kí ó lọ sinmi.

Oúnjẹ rẹ̀ kò pọ̀. Ajílẹ̀ NPK oníwóróbo tí a ń dà sí ìdí àgbàdo kò yẹ ẹ́, yóò jó gbòǹgbò rẹ̀. Èyí tí ó ń yòrò nínú omi ni kí ẹ rà, kí ẹ lò ó ní ìdá mẹ́rin ìwọ̀n tí a kọ sí ara rẹ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti bu omi lásán sí i. Bí ẹ bá rí kòkòrò funfun bí òwú ní abẹ́ ewé, ẹ fi òwú tí a rẹ sínú sípíríìtì nù ún kúrò, kí ẹ sì tún un wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹnìkan bi wá pé báwo ni òdòdó tí ọlọ́rọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ń ní láyé àtijọ́ ṣe di ohun tí ọmọ akọ̀wé lè rà. Èso ọ́kíìdì kan lè ní ju mílíọ̀nù kan kóró lọ, ṣùgbọ́n kóró náà dàbí eruku, kò ní oúnjẹ nínú. Ní 1899 ni Noël Bernard, ará Faransé, rí i pé olú wínníwínní kan ni ó ń bọ́ ọ kí ó tó lè hù. Ní 1922 ni Lewis Knudson ní Amẹ́ríkà fi ṣúgà àti àwọn èròjà mìíràn rọ́pò olú náà nínú ìgò. Ní 1960 ni Georges Morel tún fi ìṣó kékeré kan lára ọ́kíìdì kan bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ mìíràn tí ó jọ ọ́ pátápátá. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń gbìn ín ní mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù, pàápàá ní Taiwan àti ní Nẹ́dálańdì.

Ọmọ aláwọ̀ dúdú kan náà wà nínú ìtàn yìí, ó sì yẹ kí àwọn ọmọ wa gbọ́ ọ. Fánílà tí a fi ń sọ kéèkì àti áísìkirímù di olóòórùn dídùn, èso ọ́kíìdì ni. Mẹ́síkò ni ó ti wá, nígbà tí wọ́n sì gbé e dé erékùṣù Réunion, ó kọ̀ láti so dáadáa. Ní 1841, ọdún kan náà tí Ansell wá sí Fernando Po, ọmọ ẹrú kan tí ń jẹ́ Edmond, ẹni ọdún 12, fi igi tín-ín-rín àti àtàǹpàkò rẹ̀ so akọ òdòdó náà pọ̀ mọ́ abo. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àgbáyé ṣe ń ṣe é títí di òní. Wọ́n fún un ní orúkọ Albius nígbà tí wọ́n dá àwọn ẹrú sílẹ̀ ní 1848. Àwọn ẹlòmíràn di olówó nídìí fánílà. Edmond kú nínú òṣì ní 1880.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni a ní sí yín. Ẹ má lọ fa ọ́kíìdì tu lórí igi nínú àwọn igbó tí ó ṣẹ́kù létí odò wa. Ṣàṣà ni èyí tí ó ń yè nínú ilé, igbó náà sì ti kéré tó. Ẹ tún sọ fún àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù pé kí wọ́n má ki ìkòkò bọ inú báàgì ọkọ̀ òfúrufú. Gbogbo ọ́kíìdì ni ó wà lábẹ́ àdéhùn òwò ẹranko àti ewéko inú igbó tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní Washington ní 1973, tí Nàìjíríà sì wọ̀ ní 1974. Láìsí ìwé, wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ wọn.

Ní ìpàdé Ẹgbẹ́ tí ń bọ̀, a ó mú èédú tí a ti fọ́, abẹ àti sípíríìtì wá. Kí àwọn tí ti wọn ń ṣàìsàn gbé e wá, kí àwọn tí wọ́n ti gbé e lọ sí ẹ̀yìn ilé sì tètè lọ wò ó kí ewúrẹ́ tó ṣáájú wọn. Ìyá tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ṣèlérí pé òun yóò gbé tòun wá kí gbogbo wa lè rí gbòǹgbò tuntun náà. A bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá a bomi sí i.